Nígbà Tí Sístà Méjì Ń Yodì, Tí Ẹ̀bùn Ń Kú Lọ

Mo fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ mi lu orúnkún Ẹ̀bùn, kò ta. Mo tún un lù, mo fi agbára sí i díẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kàn wà níbẹ̀ ni. Mo gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀, mo ń wo bó ṣe ń mí. Ó mí kan, ó dúró. Mo ń retí èkejì, kò dé. Nígbà tí yóò fi dé, òógùn ti bò mí nínú yúnífọ́ọ̀mù. Sístà Bímpé, tó sáré wá pè mí, dúró lódìkejì bẹ́ẹ̀dì, "Ẹ gbà mí, Mátírọ́ọ̀nù, ẹ gbà mí," ló ń wí. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìyá Ẹ̀bùn wà lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí dání, ó ń rọra kọrin fún un.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹ̀rù kì í ba mátírọ́ọ̀nù. Irọ́ gbuu ni. Mo ti fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì báyìí, síbẹ̀ lójoojúmọ́ tí mo bá ti wọ kẹ̀kẹ́ ní Ṣómólú, tí mo gba Ládí-Lák kọjá lọ sí Bàrígà, ẹ̀rù a ṣì máa bà mí. Ọkọ mi ń tẹ ìwé ní Ṣómólú. Bó bá rí mi bẹ́ẹ̀, á ní, "Fara balẹ̀, ìyàwó. Bí tèmi bá bàjẹ́, ńṣe ni mo máa tún un tẹ̀." Mo máa ń dá a lóhùn pé kó bá mi wá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tún èèyàn tẹ̀.

Ilé ìwòsàn wa ò tóbi. Wọ́ọ̀dù àwọn aboyún àti abiyamọ ló wà lábẹ́ mi. Fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ dojú kọ ọ̀sà, bí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́, òórùn ẹja yíyan a wọlé wá bá wa. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yan ẹja náà ni Ẹ̀bùn ti wá. Apẹja ni ọkọ rẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀ Ìlàjẹ wá tẹ̀dó sí etí omi níbẹ̀, oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ sì nìyẹn. Gìrì ló gbé e wá sọ́dọ̀ wa, gìrì aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń fà. Ojú ẹsẹ̀ la ti fún un ní mágísọ́ọ̀fù, a sì gbẹ̀bí rẹ̀. Ọmọ náà ké, gbogbo wa dúpẹ́.

Mágísọ́ọ̀fù yìí ni abẹ́rẹ́ tó ń dá gìrì náà dúró. Ó ti gba ẹ̀mí là lójú mi ju ohun tí mo lè kà lọ. Àmọ́ ó dà bí àlejò rere tí kò mọ ìgbà tó yẹ kí òun máa lọ. Bó bá pọ̀ jù lára, á dẹ gbogbo iṣan: ahọ́n á wúwo, orúnkún ò ní í ta mọ́, èémí náà á wá dáwọ́ dúró. Inú ìtọ̀ ló ń bá jáde lára. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gún un ní wákàtí mélòó kan síra, tí a sì ń yẹ nǹkan mẹ́ta wò kí a tó gún èyí tó kàn. Ṣé orúnkún ń ta? Ṣé èémí dáa? Ṣé ìtọ̀ ń kán sínú àpò tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Bí ọ̀kan bá kù nínú wọn, a ò gbọdọ̀ gún un.

Sístà méjì ló ń ṣe olórí wọ́ọ̀dù yẹn fún mi. Sístà Táyọ̀ ní àárọ̀, Sístà Bímpé ní ọ̀sán. Táyọ̀ jẹ́ àgbà obìnrin tí kì í pariwo, aláìsàn ò sì lè ṣẹ́jú kó má mọ̀. Bímpé kéré sí i, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ náà yá. Nígbà tí Bímpé wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, Táyọ̀ ni wọ́n fi ṣe ìyá rẹ̀ níbẹ̀, bí a ti máa ń fi akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lé àgbà kan lọ́wọ́. Láti ìgbà yẹn ló ti ń pè é ní Àǹtí. Èmi ò mọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó fẹ́ràn ara wọn tó bẹ́ẹ̀.

Ìwọ́ ọmọ ló dá ìjà sílẹ̀. Táyọ̀ ń fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń fi spírítì nu ìwọ́, Bímpé bá ní lójú gbogbo wọn pé, "Àǹtí, a kì í ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́ o. Jẹ́ẹ̀lì la ń lò báyìí." Òótọ́ ni Bímpé sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó wẹ̀ ẹ́, tó fún un ní ògì mu nígbà tí ibà dá a gúnlẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ló sọ ọ́ sí, lójú àwọn ọmọ àná. Táyọ̀ kó spírítì rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, kò bá Bímpé sọ̀rọ̀ mọ́. Bímpé náà ní òun ò ní í bẹ ẹnikẹ́ni lórí òótọ́. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yan ara wọn lódì nìyẹn.

Àwa obìnrin sì mọ bí a ṣe ń yodì láìjẹ́ kí iṣẹ́ dúró. A ó bá ẹlòmíì sọ ọ̀rọ̀ náà kí ẹni tí a ń bá wí lè gbọ́. Ẹni yẹn náà, bó bá mọ iyì ara rẹ̀, kò ní í dáhùn ọ̀rọ̀ tí wọn ò bá a sọ. Nílé, ọmọdé tàbí ewúrẹ́ la máa ń fi ṣe é. Ní wọ́ọ̀dù wa, Màmá Sídí ni ewúrẹ́ náà. Òun ló ń gbálẹ̀ fún wa, tó ń gbé nǹkan síbí, gbé e sọ́hùn-ún. Bó bá di àkókò hándófà, ìyẹn ìgbà tí nọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé ń fi aláìsàn lé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́, Táyọ̀ á dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì, á ní, "Màmá Sídí, ẹ sọ fún wọn pé ìyá yìí ò tíì jẹun." Bímpé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an á ní, "Màmá Sídí, ẹ ní mo ti gbọ́." Bí inú bá ń bí ọ̀kan, tó ní, "Ẹ ní kó fi ojú rẹ̀ wò ó," Màmá Sídí á yíjú sí èkejì, á ní, "Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ o."

A máa ń fi rẹ́rìn-ín. Mo pe àwọn méjèèjì sí ọ́fíìsì mi, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ojú lásán ni, ọ̀rẹ́ ò dénú. Mo sọ fún ara mi pé ahọ́n àti eyín pàápàá ń jà, wọ́n sì ń parí ẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, tí orúnkún Ẹ̀bùn kọ̀ láti ta, Dókítà Ọlá sáré wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ẹ̀rù ń ba òun náà. Ó wo ojú Ẹ̀bùn, ó wo èmi àti Bímpé. "Wọ́n ti gún un lẹ́ẹ̀mejì!" ló kọ́kọ́ sọ. "Ta ló gún un?"

Táyọ̀ ò tíì lọ sílé. Ó ti bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, ó gbé báàgì kọ́ apá, ó sì gbọ́ ariwo wa. Màmá Sídí ti lọ gbé ọ́síjìn, nítorí náà ògiri ló kọjú sí. "Èmi ò gún un," ló wí. "Ẹ bi ẹni tó gún un pé ta ló ní kó gún un."

Bímpé kọjú sí dókítà. "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé àkókò abẹ́rẹ́ ti tó. Orúnkún ta, èémí dáa, ìtọ̀ wà nínú àpò. Kí ni mo tún ń wá?"

"Dókítà, kálísíọ̀mù," mo pariwo. "Ẹjọ́ lè dúró, èémí ò lè dúró." Kálísíọ̀mù ni abẹ́rẹ́ tó jẹ́ ẹ̀rọ̀ fún mágísọ́ọ̀fù. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í rọra fún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Èmi gbé ìbòjú lé Ẹ̀bùn ní imú àti ẹnu, mo ń fún báàgì tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú èèyàn tí kò lè mí fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó bà mí lẹ́rù jù. Kálísíọ̀mù kì í lé mágísọ́ọ̀fù jáde, ńṣe ló máa ń dì í lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n gún Ẹ̀bùn lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́, tí kíndìnrín rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́, yóò tọ oògùn náà dànù, yóò yè. Ṣùgbọ́n bí kíndìnrín bá ti dákẹ́, oògùn ò níbi tó máa gbà jáde. Yóò tún dìde sí i. A ó máa yọ̀ pé ó ti là á, yóò sì kú mọ́ wa lọ́wọ́. Èyí tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀, kíákíá. Ìdáhùn dókítà dùn ún gbà, torí gbogbo wa ló ti mọ̀ pé àwọn sístà yìí ń jà. Ó rọrùn jù, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ọkàn mi gbà á. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi ò tíì gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan.

"Ẹ fi 'ta ni' sílẹ̀ ná," mo ní. "Ẹ jẹ́ ká wá 'kí ni'."

Fáìlì Ẹ̀bùn wà lọ́dọ̀ ọ̀gá dókítà lókè, ara rẹ̀ ló kù tí mo lè yẹ̀ wò. Ìdí ọ̀tún là ń gún, ká tún gún ìdí òsì nígbà tó kàn, a sì máa ń lẹ òwú mọ́ ojú ibẹ̀. Mo ní kí dókítà bá mi yí i díẹ̀. Òwú tó yẹ kó wà níbẹ̀ náà ló wà, ọ̀kan ò lé. Wọn ò gún un lẹ́ẹ̀mejì. Dípò kí ọkàn mi balẹ̀, ńṣe ló tún já. Mo wo àpò ìtọ̀. Ó kún dé ìdajì.

"Sístà Táyọ̀, ìgbà wo lẹ rí ìtọ̀ yìí?"

"Mo ti sọ ọ́," ó dá ògiri lóhùn.

"Ta lẹ sọ ọ́ fún?"

"Màmá Sídí ò sí níbí nígbà yẹn, mo bá aláìsàn sọ ọ́. Mo ní, 'Ìyá ìkókó, ìtọ̀ yín yìí, ti òru ni o. Láti àárọ̀ kò sí ẹ̀kán kan tó kún un. Mo fi í sílẹ̀ kí dókítà lè fojú rí i. Kí ẹnikẹ́ni má gún yín títí wọ́n á fi dé.' Mo sọ ọ́ sókè. Ẹni tó ń fọwọ́ níbi ẹ̀rọ omi gbọ́ mi."

Mo yíjú sí Bímpé.

"Mo gbọ́ ohùn wọn," ó ní. "Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀."

Jìnnìjìnnì bò mí. Kò sí ọ̀daràn kankan láàárín wa. Táyọ̀ rí i, ó sọ ọ́. Bímpé dé, ó yẹ gbogbo ohun tó yẹ kó yẹ̀ wò, ó rí àpò tó kún dé ìdajì, ó sì gún un. Kálukú ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ bó ṣe yẹ, Ẹ̀bùn sì ń kú lọ. Kíndìnrín rẹ̀ ti dákẹ́ láti àárọ̀. Dókítà gbé fóònù, ó pe ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì, ká ṣì máa dúró. Ọwọ́ mi ti ń kú lórí báàgì.

Èèyàn méjì ni báàgì yẹn ń fẹ́. Ẹnì kan á gbé àgbọ̀n aláìsàn sókè, á sì di ìbòjú mọ́ ọn lójú pinpin. Ẹnì kejì á máa fún báàgì. Bí wọn ò bá bára wọn mu, atẹ́gùn á máa jò dànù. "Táyọ̀, ẹ di ìbòjú," mo ní. "Bímpé, gba báàgì." Táyọ̀ ju báàgì tirẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n korí jọ lórí Ẹ̀bùn, síbẹ̀ wọn ò sọ̀rọ̀. Mo ń wo àyà Ẹ̀bùn, kò gbéra. Atẹ́gùn ń jò ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bímpé rí i, ó gbójú sókè, ó ń wá ẹni tó máa rán sí Táyọ̀. Màmá Sídí ti dé pẹ̀lú ọ́síjìn, ó la ẹnu láti jíṣẹ́.

"Màmá, ẹ dákẹ́!" mo jágbe mọ́ ọn. Mi ò jágbe mọ́ obìnrin yẹn rí. "Ẹ bára yín sọ̀rọ̀! Àbí ẹ fẹ́ kó kú ni?"

Omijé ń bọ́ lójú Bímpé. "Àǹtí," ó ní, "ó ń jò lápá òsì yín."

Táyọ̀ sún ọwọ́ rẹ̀. "Fún un báyìí."

"Ṣé ó wọlé?"

"Ó wọlé. Má yára. Máa bá mi kà á."

Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn, ohùn méjì pa pọ̀. Ẹ má rò pé inú mi dùn. Èmi ò ráyè inú dídùn, ojú mi wà lára rọ́bà tó lọ sínú àpò ìtọ̀.

Ìyá Ẹ̀bùn ti ṣí ilẹ̀kùn, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé ó ń sùn ni?" ó béèrè.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà níbẹ̀, mi ò sì lè purọ́ fún un. "Kò sùn, Màmá. Oògùn wa ló wúwo jù lára rẹ̀. A ń bá a mí ni. Bó bá lè tọ̀, yóò yè." Mo rò pé yóò pariwo. Kò pariwo. Ó gbé ọmọ fún Màmá Sídí, ó ní, "Kí n ṣe kí ni?" Mo ní kó jókòó ti àpò yẹn, kó máa wo rọ́bà náà, bí omi bá kán, kó pè mí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti fi ń wo omi, kó lè mọ̀ bóyá ẹja wà níbẹ̀. Kò ṣẹ́jú. Ó ń fi èdè ilé wọn bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀.

Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Wọ́n pààrọ̀ ọwọ́ lórí báàgì títí. Dókítà tún fún un ní kálísíọ̀mù. Oòrùn ti ń lọ sí apá ọ̀sà nígbà tí mo gbọ́ tí ìyá náà kígbe. "Sístà! Ó kán o!"

Ẹ̀kán kan ṣoṣo ni. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, à ń wò ó bí ẹni ń wo góòlù. Òmíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, omi ń ṣàn nínú rọ́bà. Ẹ̀bùn mí fúnra rẹ̀, ó tún mí. Orúnkún rẹ̀ ta díẹ̀. Táyọ̀ jókòó sórí báàgì rẹ̀ nílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Àmọ́ ẹ̀rù ò tíì tán. Ẹ̀bùn lajú, kò sọ̀rọ̀. Gbogbo òru, wọ́n ní kò sọ̀rọ̀. Bí atẹ́gùn bá ti ṣe aláìdé ọpọlọ, èèyàn lè lajú títí láé, kó má mọ ẹni tó bí i. Nílé, mi ò fojú kan oorun.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọ̀gá ní kí n mú orúkọ ẹnì kan wá, ẹni tó jẹ̀bi. Mo ní bí mo bá mú ọ̀kan wá, èkejì á máa rò pé òun mọ́, wọ́ọ̀dù á sì wà bó ṣe wà. Wọ́n bínú sí mi. Mo ní kí wọ́n máa bínú. Mo sọ fún wọn pé láti ọjọ́ náà lọ, ojúkojú la ó máa ṣe hándófà nídìí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ń lọ á wo ojú ẹni tó dé, á sọ ọ́ fún un. Ẹni tó dé á tún un sọ bó ṣe gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà a ó bi aláìsàn tàbí èèyàn rẹ̀ léèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹni tó bá fẹ́ yodì, kó lọ yàn án lójú ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀dì Ẹ̀bùn la ti kọ́kọ́ ṣe é, lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Táyọ̀ wo Bímpé lójú. "Ìtọ̀ ń dà dáadáa láti àárọ̀, mo ti da àpò nù lẹ́ẹ̀kan. Kò sí mágísọ́ọ̀fù mọ́. Kò tíì sọ̀rọ̀." Bímpé tún un sọ. Èmi wá tẹ̀ síwájú. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ Ẹ̀bùn. "Ìyá ìkókó, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ó wò mí. Ètè rẹ̀ mì.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní, ohùn rẹ̀ há. "Tàná náà, mo gbọ́ ọ."

Ó yíjú sí Táyọ̀.

"Sístà àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má gún mi. Mo gbọ́. Nígbà tí Sístà kejì gbé abẹ́rẹ́ dé, mo fẹ́ sọ fún wọn. Ahọ́n mi ò gbé e. Mo di aṣọ wọn mú."

Bímpé gbé ọwọ́ lé ẹnu. "Mo rò pé ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ló ń bà yín."

"Ẹ ní kí n má bẹ̀rù," Ẹ̀bùn wí. "Ẹ sì rọra tú ìka mi kúrò lára aṣọ yín."